Gbèsè oúnjẹ kì í ṣe ìwà ọ̀daràn, ẹ yé dójú ti àwọn èèyàn wa

Ọ̀rọ̀ gbèsè ti wọ ọ̀pọ̀ ilé ní Àkúrẹ́ yìí, àmọ́ abẹ́lẹ̀ la ti ń sọ ọ́ torí ojú ń ti kálukú. Ẹ gba Ọjà Ọba kọjá láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń gbowó, tàbí kẹ́ ẹ yà sí Ìsìkàn, ẹ máa rí àwọn ìyá tí wọ́n to ara wọn sórí bẹ́ǹṣì, káàdì wà lọ́wọ́ oníkálukú, ọmọkùnrin kan tó ki ṣẹ́ẹ̀tì bọ ṣòkòtò jókòó sáàárín wọn, ó ń ka owó, ó ń sáìnì káàdì. Tí ẹnì kan nínú wọn ò bá tíì mú tiẹ̀ wá, kò sẹ́ni tó máa dìde lọ sídìí ọjà ẹ̀, torí àwọn fúnra wọn ni wọ́n dúró fún ara wọn, ni wọ́n á bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe onítọ̀hún lórí fóònù, tó bá tún pẹ́ díẹ̀ wọ́n á gbéra lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, àwọn tí wọ́n ti jọ ń jẹ tí wọ́n jọ ń mu láti ọdún mélòó kan wá, àwọn náà ló máa gbé tẹ́bù ẹ̀ tí wọ́n á sì gbé páànù tó fi ń wọn gáàrì lọ. Owó gbọ́mú-lé-lántà nìyẹn, owó èlé tí wọ́n ń yá lẹ́gbẹ́ tí wọ́n sì ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò sí àdúgbò tí wọn ò mọ̀ ọ́n.

Ohun tá a fẹ́ sọ nínú ìwé ìròyìn yìí, a fẹ́ sọ ọ́ ní gbangba. Owó tó ń wọlé fún ọ̀pọ̀ ìdílé ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ò tó oúnjẹ mọ́, ẹni tó bá sì yáwó kí ọmọ ẹ̀ lè jẹun, kò sẹ́ni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti pè é lólè níta gbangba. Ìjọba wa lágbára láti dá sí i. Ó yẹ kó dá sí i, kó sì ṣe é lọ́dún yìí.

Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn èèyàn wa ò mọ owó ná ni. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká jọ ka owó ọ̀hún. Lóṣù keje ọdún 2024 ni Ààrẹ Bola Tinubu buwọ́ lu 70,000 náírà gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù lọ, 30,000 ló wà tẹ́lẹ̀ láti ọdún 2019. Gómìnà Lucky Aiyedatiwa wá sọ pé ti ìpínlẹ̀ Oǹdó máa jẹ́ 73,000, inú wa dùn sí i nígbà yẹn, a ò sì kóyán ẹ̀ kéré títí dòní. Àmọ́ ẹ pín 73,000 sí ọgbọ̀n ọjọ́, 2,433 náírà ni fún ọjọ́ kan. Ká ní bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta ló wà nílé, ó ku 486 náírà fún ẹnì kan, nínú ẹ̀ ni oúnjẹ àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, owó ilé, owó iná, ọṣẹ, oògùn ibà, owó iléèwé àti owó ọkọ̀ gbogbo wà. Ká tún ní ẹni tó ń gba owó yìí ń gbé Ọ̀bà-Ilé, tó sì ń ná 600 náírà lọ àti bọ̀ sí Alágbàká tí iléeṣẹ́ ìjọba wà fún ọjọ́ 22 lóṣù, 13,200 ti lọ sọ́wọ́ oníkẹ̀kẹ́ kó tó fi ohunkóhun sẹ́nu.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ṣì lèyí tá a kà yẹn o, ẹni tí aráàlú ń jowú pé ó rí owó oṣù gbà. Ọmọbìnrin tó ń ta ọjà nínú ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀nà Oyèmẹ́kùn ńkọ́, tíṣà iléèwé aládàáni tó ń kọ́ ọmọ ogójì ní kíláàsì kan ńkọ́, ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣọ́ gééètì ní Ìjàpọ̀ ńkọ́? Òfin owó oṣù yẹn fúnra ẹ̀ ló yọ iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ẹ̀ ò tó 25 sílẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣiṣẹ́ nílùú wa. Ẹlòmíì nínú wọn ò rí ìdajì 73,000 yẹn, tó bá sì dé ọ̀gá ẹ̀ lójú pé ó ń ráhùn, ọ̀gá á sọ pé àwọn tó ń wáṣẹ́ pọ̀ níta.

Láti 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí náírà náà sì já wálẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e, kò sóhun tí owó ẹ̀ ò gbéra. Epo tó wọ́n, òun ló ń gbé iṣu wá láti oko, òun ni wọ́n ń rọ sẹ́nu ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata, òun ni oníkẹ̀kẹ́ ń rà, kálukú sì ń bù ú lé ẹni tó kàn lórí títí tó fi dé orí ẹni tí kò ní ẹni tó lè bù ú lé. Àwọn àgbà ní bí oúnjẹ bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Oúnjẹ ọ̀hún gan-an ló ń sọ èèyàn di onígbèsè báyìí.

Ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, torí kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó ńlá. Àwìn ló máa kọ́kọ́ jẹ́, ìyá oníṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ilé á kọ ọ́ sínú ìwé, ìrẹsì kóńgò kan, Maggi, ọṣẹ. Tó bá yá wọ́n á kó àjọ tí wọ́n ń dá fún owó iléèwé, wọ́n á fi ra oúnjẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á wọ ẹgbẹ́ gbọ́mú-lé-lántà. Tí ìyẹn náà bá ti há, fóònù ló kù, torí fóònù ò béèrè onídùúró, kò béèrè ohun tó o fẹ́ fi owó ṣe, àárín ìṣẹ́jú márùn-ún owó ti wọlé.

Obìnrin kan wà tó ń ta ata ní Òkè-Ìjẹ̀bú, a mọ̀ ọ́n dáadáa, a ò sì ní dárúkọ ẹ̀. Ibà kọ lu ọmọ ẹ̀, oògùn àti tẹ́ẹ̀sì ń béèrè owó, ló bá yá 10,000 lórí ẹ̀rọ fóònù, wọ́n ní kó san 13,000 pada láàárín ọjọ́ méje. Ọjọ́ keje pé, ọjà ò yá, ó sọ fún wọn pé kí wọ́n fún òun lọ́sẹ̀ kan sí i. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ti gbé fọ́tò ẹ̀ sójú páálí kan, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé olè ni, pé ó ti kó owó àwọn sá lọ, pé ẹni tó bá rí i kó mú un, wọ́n fi ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí fóònù ẹ̀. Pásítọ̀ ẹ̀ gbà á. Tíṣà ọmọ ẹ̀ gbà á. Àǹtí ọkọ ẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ gbà á, ilé ò sì gbà wọ́n mọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àmọ́ èyí tó dùn ún jù nígbà tó ń sọ ọ́ fún wa, ọkùnrin kan ní ọjà Ṣáṣá tó máa ń fún un ní tòmátò alágbọ̀n láwìn tó bá ti tà tán kó tó sanwó, òun náà rí i, ó pè é, ó ní Ìyá, ẹ má bínú, láti òní lọ owó lọ́wọ́ la ó jọ máa ṣe.

Ẹ wo nǹkan tí wọ́n ṣe yẹn. Ibi tí ì bá ti rí owó san gbèsè ọ̀hún gan-an ni wọ́n lọ dí mọ́ ọn. Tẹ́lẹ̀, 13,000 ló jẹ. Ní báyìí kò lọ́jà láti tà mọ́, èlé sì ń gun èlé lójoojúmọ́, ó wá yá owó lórí ẹ̀rọ míì láti fi san ti àkọ́kọ́. Owó wo ni wọ́n fẹ́ kó fi san án?

Àwọn baba wa náà mọ gbèsè gbà. Ológò wà láyé ìgbà yẹn, ó máa lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, ó máa yọ gbogbo ilé lẹ́nu títí wọ́n á fi wá owó fún un. Àwọn aláṣọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń pè ní òṣómàáló ń bẹ̀ tí wọ́n máa lóṣòó síwájú ilé èèyàn. Ìwọ̀fà wà pẹ̀lú, ìyà sì pọ̀ níbẹ̀, a ò ní parọ́ pé ayé dáa nígbà yẹn. Àmọ́ ológò lójú, ó lórúkọ, baálé ilé lè pè é jókòó, kí wọ́n jọ dá ọjọ́, kí wọ́n jọ pín owó ọ̀hún sí mẹ́ta. Ta lo fẹ́ bẹ̀ nínú ẹ̀rọ fóònù? Ọmọ tó ń pè ẹ́ láago méje àárọ̀ tó ń bú ìyá tó bí ẹ lọ́mọ, nọ́ńbà tó fi pè ẹ́ lánàá kọ́ ló máa fi pè ẹ́ lónìí.

Ohun tó ń bí wa nínú jù ni pé òfin wà. Àjọ FCCPC tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà gbé ìlànà kalẹ̀ fún àwọn ayánilówó orí fóònù ní 2022, wọ́n ní kí gbogbo wọn wá forúkọ sílẹ̀. Ní 2023 Google fòfin dè wọ́n pé ẹ̀rọ ayánilówó kankan ò gbọ́dọ̀ wọ inú nọ́ńbà àti fọ́tò tó wà lórí fóònù èèyàn mọ́. Ọdún 2023 yẹn náà ni òfin tó ń dáàbò bo àṣírí aráàlú jáde. Lóṣù keje ọdún 2025 FCCPC tún mú ìlànà tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ wá, iléeṣẹ́ tó bá rú u lè san owó ìtanràn tó tó 100 mílíọ̀nù náírà tàbí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó tó pa lọ́dún. Ti ọlọ́pàá náà wà níbẹ̀, torí Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 sọ ọ́ kedere pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn kìkì nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn tàbí pé ó yẹ àdéhùn, ibẹ̀ sì ni gbèsè wà, ọ̀rọ̀ kóòtù nìyẹn. Síbẹ̀ àwọn ìyá wa ṣì ń sá lọ sílé àbúrò wọn ní Ìlú Oǹdó torí ẹnì kan fi ọlọ́pàá dẹ́rù bà wọ́n nítorí 40,000.

Mélòó nínú àwọn tó ń tajà ní Ọjà Ọba ló mọ̀ pé òfin yìí wà? Èdè Òyìnbó ni wọ́n fi kọ gbogbo ẹ̀, Àbújá ló wà. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tá a fẹ́ kí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe ò ná wọn lówó rárá: kí OSRC, iléeṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ wa, máa ka ohun tí òfin sọ ní Yorùbá lójoojúmọ́, láàárọ̀ tí àwọn èèyàn ń múra ọjà àti lálẹ́ tí wọ́n bá dé, kí wọ́n bẹ rédíò Adaba náà kí wọ́n bá wọn ṣe é, kí wọ́n sọ ibi téèyàn lè mú ẹjọ́ lọ. Kí Kọmíṣánnà ọlọ́pàá náà jáde sọ̀rọ̀ fún àwọn DPO, ìyẹn àwọn ọ̀gá tésàn, pé tésàn kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń gba gbèsè. Ẹni tí wọ́n bá ti fi irú àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ránṣẹ́ nípa ẹ̀, kó má pa á rẹ́ nítorí ìtìjú, kó tọ́jú ẹ̀ pamọ́ sórí fóònù, òun ni ẹ̀rí.

Ó kan àwọn tó ń gbowó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ náà. A ò sọ pé kí wọ́n kó kúrò nílùú, a mọ̀ pé báńkì ńlá ò ní wo ojú ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ló wá bá a lábẹ́ igi tó jókòó sí, ọ̀pọ̀ ló sì ti fi owó wọn gbèrú. A sì mọ̀ pé owó wọ́n lọ́wọ́ àwọn náà, torí èlé tí Báńkì Àpapọ̀ fúnra ẹ̀ gbé kalẹ̀ ti dé ìdá 27.50 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Àmọ́ kí wọ́n sọ òótọ́ nípa èlé tiwọn. Tí wọ́n bá yá ìyá kan ní 100,000, tí wọ́n ní kó máa mú 5,000 wá lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24, 120,000 ló máa san, wọ́n á wá sọ fún un pé ìdá 20 péré ni èlé. Kì í ṣe 20 rárá. Láti ọ̀sẹ̀ kìíní ló ti ń dá owó yẹn pada, 100,000 ò pé lọ́wọ́ ẹ̀ kọjá ọjọ́ méje, nígbà tó bá fi máa dé ọ̀sẹ̀ kejìlá ó ti dá 60,000 pada, àmọ́ orí 100,000 ni wọ́n ṣì ń ka èlé sí. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ ìṣírò ṣe é dáadáa fún yín, ó lé ní ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Ká má tíì wá sọ owó fọ́ọ̀mù, ká má sọ owó tí wọ́n máa ń yọ sílẹ̀ kí wọ́n tó kó ìyókù fún un.

Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ yá aráàlú lówó nínú ọjà wa, kó kọ ọ́ sára káàdì ní Yorùbá, kó hàn gbangba: iye tó o máa gbà lọ́wọ́, iye tó o máa san pada lápapọ̀, èlé ẹ̀ lọ́dún. Ọ̀rọ̀ ayánilówó ò sì jẹ́ ti Àbújá nìkan, àwọn ìpínlẹ̀ náà ní òfin tiwọn lórí ẹ̀, kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wa gbọn eruku kúrò lára tiwa. Kí wọ́n sì fi sínú ẹ̀ pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé ohun tí èèyàn fi ń ṣòwò lọ láìgba kóòtù kọjá. Tẹ́ ẹ bá gbé ẹ̀rọ aránṣọ lọ nílé aránṣọ, kí ló tún fẹ́ fi rán aṣọ tó máa fi san owó yín?

Àmọ́ ká fi òfin dí ọ̀nà nìkan ò tó, torí ebi kì í dúró de òfin. Ẹni tí ọmọ ẹ̀ ń gbóná lóru, ibi tó bá ti rí owó ló máa ti yá a. Ibí ni a ti fẹ́ kí Gómìnà gbọ́ wa dáadáa. Alágbàká níbi tí wọ́n ti ń ṣèjọba, àwọn òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tiwọn, wọ́n ń yọ díẹ̀díẹ̀ lára owó oṣù, tí ìṣòro bá dé wọ́n á yá owó níbẹ̀ pẹ̀lú èlé tí kò gunni, tó bá di ìparí ọdún wọ́n á tún pín èrè. Kí ló dé tí ìyá aláta ò ní irú ẹ̀? Wọ́n á ní torí kò gba owó oṣù ni. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn kan náà ló ń mú 5,000 wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọmọ oníṣẹ́ẹ̀tì láìyẹ̀, tó tún ń dá àjọ 500 lójúmọ́ lọ́wọ́ alájọ. Ó mọ owó tọ́jú. Ohun tí kò ní ni ibi tí owó yẹn ti lè dúró kó sì pọ̀ sí i fún òun fúnra ẹ̀.

Kò sì ṣàjèjì sí wa. Láti 1935 ni òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti wà ní Nàìjíríà, àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Yorùbá sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé e lárugẹ, nígbà tó máa fi di 1953 àwọn ẹgbẹ́ náà ti ní báńkì tiwọn n'Íbàdàn. Àwọn bàbá wa tó kọ́ ilé alájà ní Ìdànrè tí wọ́n rán ọmọ lọ sí yunifásítì, ẹ bi wọ́n léèrè, ẹ máa gbọ́ orúkọ ẹgbẹ́ yẹn níbẹ̀. Lóde òní ńkọ́? Lóṣù Kejìlá 2024 owó kòkó lágbàáyé kọjá 12,000 dọ́là tọ́ọ̀nù kan, irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí ṣáájú ọdún yẹn, ìpínlẹ̀ wa ló sì ń pèsè kòkó jù ní Nàìjíríà. Síbẹ̀ àgbẹ̀ tó ti lọ gba owó sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń ra kòkó nígbà òjò, nígbà tí kò sówó nílé tí kòkó ò sì tíì pọ́n, iye tí wọ́n ti bá a dá sílẹ̀ nígbà yẹn ló gbà. Owó ńlá yẹn kọjá lórí ẹ̀. Ẹlòmíì ti fi oko dógò, kò sì mọ ìgbà tó máa rí i gbà pada.

Kí ìjọba gbé owó ìbẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ fún alájẹṣẹ́kù ọlọ́jà, ti oníkẹ̀kẹ́, ti àwọn aránṣọ, ti àgbẹ̀, kí ó jẹ́ pé iye tí ẹgbẹ́ kan bá ti tọ́jú fúnra wọn fún oṣù mẹ́fà ni ìjọba máa fi ìdajì ẹ̀ kún. Kí wọ́n má gbé e gba ọwọ́ olóṣèlú kọjá. A rántí TraderMoni ọdún 2018, 10,000 tí wọ́n ń pín káàkiri ọjà nígbà tí ìbò 2019 ń bọ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn gbà á bí owó ìbò, ta ló fẹ́ san owó ìbò pada? Owó tí èèyàn mọ̀ pé òógùn òun àti ti aládùúgbò òun ló wà nínú ẹ̀, ó máa san án.

A ní ọ̀rọ̀ fún ara wa náà. Òkú ṣíṣe ń sọ ilé di ahoro nílùú yìí. Èèyàn ò rówó ra oògùn fún ìyá ẹ̀ nígbà tó wà láyé, ó wá lọ yá owó pa màlúù nígbà tó kú, ọdún kejì ó ṣì ń san owó kánópì. Ẹ ṣe bẹ́ ẹ ti mọ. A bẹ Kábíyèsí Déjì àti àwọn ìyálọ́jà pé kí wọ́n bá wa dá sí ọ̀rọ̀ òkú àti aṣọ ẹbí yìí, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn máa wọlé ju ti ìwé ìròyìn lọ. Àwọn ilé ìjọsìn náà, ẹ dín owó tí ẹ ń bù fún ọmọ ìjọ kù, ẹlòmíì ń lọ yá a ni.

Tọkọtaya, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi gbèsè pamọ́ fún ara yín. Ọkọ á yáwó kí ìyàwó má mọ̀, ìyàwó á wọ ẹgbẹ́ kí ọkọ má mọ̀, ọjọ́ tí agbowó bá kan ilẹ̀kùn ni àwọn méjèèjì máa gbọ́ ara wọn. Ẹ jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, àwìn, àjọ, ẹgbẹ́, fóònù. Oúnjẹ ilé àti oògùn ló ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni má dẹ́rù bà yín pé kẹ́ ẹ febi pa ọmọ torí èlé. Lẹ́yìn náà, èyí tí èlé ẹ̀ ń sáré jù lẹ máa kọ́kọ́ mú kúrò, fóònù sábà máa ń wà níwájú níbẹ̀, ẹ má sì yá ti Lágbájá fi san ti Tẹ̀mẹ̀dù. Tẹ́ ẹ bá ti rí i pé ọjọ́ tẹ́ ẹ dá ò ní ṣeé ṣe, ẹ tètè sọ kó tó pé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ sọ iye tẹ́ ẹ lè mú wá lọ́sẹ̀.

Ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ máa tó dé iwájú àwọn aṣòfin. A fẹ́ rí ìlà kan níbẹ̀ tó jẹ́ ti alájẹṣẹ́kù ọlọ́jà, iye owó tó wà níbẹ̀, orúkọ àwọn ọjà tó ń lọ, láti Àkúrẹ́ dé Ọ̀wọ̀ dé Òkìtìpupa, àti ọ́fíìsì tí aráàlú lè lọ béèrè bí wọ́n ṣe ná an. Tí ìlà yẹn bá wà níbẹ̀, a máa tẹ̀ ẹ́ jáde. Tí kò bá sí níbẹ̀, a máa kọ orúkọ aṣòfin kọ̀ọ̀kan sójú ewé yìí, pẹ̀lú àdúgbò tó ń ṣojú fún, a ó sì béèrè ìdí lọ́wọ́ ẹ̀.